Iye Átọ́ọ̀mù Inú Ínṣì Kan

Nígbà tí Làtífù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀ rò pé ìgbà ìsinmi wọn ló dé. Ọmọ Ìwó ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n wá sí Ìkòròdú, wọ́n sì háyà ilé sí Lasunwon, yàrá méjì tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Sọ̀fíyàt ti ń ránṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ni Làtífù ti kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Mọ́fẹ́yìsára. Òun ti lọ́kọ, Ìlọrin ló ń gbé.

Àwọn tó kàwé lọ́wọ́ Làtífù kì í gbàgbé bó ṣe máa ń kọ́ wọn nípa ohun tí ojú ò lè rí. Á mú téèpù ìyàwó rẹ̀ dání lọ sí kíláàsì, á fi ìka méjì di ínṣì kan mú lára rẹ̀, á ní, "Ẹ wo ibi kékeré yìí. Bí a bá ní ká to átọ́ọ̀mù síbẹ̀, kí wọ́n fara kan ara wọn bí èèyàn ṣe ń tò láti pọnmi, mélòó ni yóò gbà?" Àwọn ọmọ á máa méfò. Ọ̀kan á ní ẹgbẹ̀rún, òmíràn á ní mílíọ̀nù kan. Làtífù á rẹ́rìn-ín, á wá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: mílíọ̀nù igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́ta. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní áńgísírọ́ọ̀mù ló fi ń ṣe ìṣirò náà, èyí tí kò ju fífẹ̀ átọ́ọ̀mù kékeré kan lọ. Á wá sọ fún wọn pé, "Ohun tẹ́ ẹ bá pè ní kékeré, ẹ ò tíì sún mọ́ ọn tó ni."

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó lọ kírun Àsùbáà, ilé aládùúgbò ló padà sí, ó ń bi wọ́n pé ta ló yí ìlẹ̀kùn òun padà. Ó bọ bàtà kan sí ẹsẹ̀, ó fi èkejì sínú ìkòkò. Ó ń bi Sọ̀fíyàt pé ṣé ìyá òun ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí Mọ́fẹ́yìsára. Sọ̀fíyàt ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tó fi ọpọlọ ṣe ló pọ̀ jù, pé ara á balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kúrò lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá ti dárúkọ ínṣì, ẹsẹ̀ bàtà tàbí yáàdì létí rẹ̀, iye átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni á sọ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì ní ṣì í. Ẹni tí kò rántí oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ ń ṣe ìṣirò bílíọ̀nù láìfi ìwé tàbí kálámù kan nǹkan kan.

Orí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí lójoojúmọ́ kí ojú ìyàwó rẹ̀ lè wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìbíjọkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ Sọ̀fíyàt, wá wọn aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ̀fíyàt fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká.

"Ogójì," ló wí.

"Bílíọ̀nù mẹ́wàá àti mílíọ̀nù ọgọ́jọ!" ni Làtífù dáhùn láti orí bẹ́ńṣì.

Ìbíjọkẹ́ yíjú padà. "Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Ìbàdí yín ni, màmá. Bílíọ̀nù mẹ́wàá àti mílíọ̀nù ọgọ́jọ átọ́ọ̀mù, bí wọ́n bá tò yí i ká."

Ìbíjọkẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá gba aṣọ, òun àti àwọn obìnrin méjì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n jọ wá, Làtífù sì rí i, ó tún pariwo iye náà sókè. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú Ìbíjọkẹ́ le koko.

"Ìyá Mọ́fẹ́, ẹ wò ó, mo mọ̀ pé ara Bàbá ò yá. Àmọ́ ṣé ìbàdí mi ló wá di ohun tí wọ́n á máa kà lójú títì bí ẹni ń ka owó ìjọba?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni."

"Mo ti dárí jì wọ́n." Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Kò padà wá mọ́. Àwọn oníbàárà yòókù náà sì ń dín kù. Kò sẹ́ni tó bá Sọ̀fíyàt jà, wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá ni.

Mọ́fẹ́yìsára ló fi dandan lé e pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán inú orí Làtífù, wọ́n tún ní kó padà wá lọ́dún kejì kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dókítà, ọkùnrin kan tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀, nàka sí ibì kan lójú kọ̀ǹpútà.

"Ibí yìí ni ọpọlọ ń tọ́jú ìrántí sí, Màmá. Ó ń sún kì. Bí a bá fi ti ọdún tó kọjá wé e, ó ti fi bíi mílímítà mẹ́ta dín kù."

"Mílímítà mẹ́ta péré?" Sọ̀fíyàt mọ mílímítà dáadáa, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì téèpù rẹ̀. Kò tó gígùn hóró ìrẹsì kan. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ balẹ̀. "Ṣé kò wá sí oògùn tó lè dá ìyẹn padà?"

"Kò sí, Màmá. Oògùn tó lè mú kó rọra lọ la ní, kò sí èyí tó lè mú un padà."

Làtífù ń wo àwòrán náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Sọ̀fíyàt, ọgbọ̀n mílíọ̀nù ni."

"Ọgbọ̀n mílíọ̀nù kí ni, Bàbá Mọ́fẹ́?"

"Mílímítà mẹ́ta tí dókítà wí. Ọgbọ̀n mílíọ̀nù átọ́ọ̀mù ni, lórí ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n ti lọ. Òun náà sì ti sọ pé wọn ò ní padà wá." Ó fara ti ògiri, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó ń kọjá ń wò wọ́n. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ òun mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì wù ú kó má mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Sọ̀fíyàt ti sọ nǹkan kan di àṣà. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí ó bá wẹ̀ fún un tán, á fa téèpù jáde, á wọn ohun kan níwájú rẹ̀: ìgò omi, apá àga, àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ gan-an. Á bi í pé, "Mélòó ni, Tíṣà?" Làtífù á dáhùn. Sọ̀fíyàt kò mọ físíìsì, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, pé kó fi iye ínṣì lọ́po igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́ta, mílíọ̀nù ni èsì rẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Bó bá ti bá ti ọkọ rẹ̀ mu, á ṣe Alihamudulilahi, á sì lè dáná. Ẹsẹ̀ bàtà kan, bílíọ̀nù mẹ́ta àti mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta. Ó gbà á. Yáàdì kan, bílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógóje. Ó gbà á. Ọkùnrin náà lè máa pè é ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ó lè tọ̀ sára, ṣùgbọ́n bí iye náà bá ti pé, Sọ̀fíyàt gbà pé ọkọ òun ṣì wà níbẹ̀, pé ó kàn fara pamọ́ síbì kan ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọn fífẹ̀ orí síbí kan. Làtífù dárúkọ iye tó yẹ kó jẹ́ mílíọ̀nù, ó pè é ní bílíọ̀nù. Sọ̀fíyàt tẹ fóònù wò, ó tún tẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ó fi téèpù sápò, ó ní òun ló wọ̀n ọ́n ṣì. Nígbà tí Mọ́fẹ́yìsára pè tó ní, "Màmi, báwo ni Dádì lónìí?", ó dá a lóhùn pé, "Ara wọn le. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀."

Ọjọ́ tí Làtífù sọnù, Sọ̀fíyàt kàn sáré gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Ìta Ẹlẹ́wà ni. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì rò pé òun fi kọ́kọ́rọ́ yí i. Nígbà tó dé, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ńṣì, téèpù kò sì sí lára ìṣó tó máa ń fi í kọ́ sí. Ó dé mọ́ṣáláṣí, kò sí níbẹ̀. Ó dé ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣiṣẹ́, mẹ́gáàdì ní òun ò rí i. Ó lọ fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n gba orúkọ àti fọ́tò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó rí awakọ̀ kan ní gáréèjì tó dá fọ́tò náà mọ̀.

"Bàbá tó gbé téèpù kọ́ ọrùn? Mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wọ̀ lánàá. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé ní Ìwó. A ní, 'Bàbá, Ẹ̀pẹ́ nìyí o, kì í ṣe Ìwó.' Wọ́n ní kò burú, pé odò wà nílé àwọn náà."

Sọ̀fíyàt wọ mọ́tò tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà Ìtókìn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, àmọ́ lójú tirẹ̀, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò kúrò lójú kan. Mọ́fẹ́yìsára pè láti Ìlọrin, ó ní òun ti wà lọ́nà. Bí mọ́tò ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, Sọ̀fíyàt gba Ọjà Olúwo lọ tààrà torí odò tí Làtífù dárúkọ fún awakọ̀. Ó ń na fọ́tò orí fóònù sí ẹni tó bá ti pàdé. Àwọn ẹlẹ́ja ń mi orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí omi kí obìnrin kan tó ń to ẹja gbígbẹ tó pè é padà.

"Màmá, ẹ jẹ́ n tún fọ́tò yẹn rí." Kẹ́misọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ìran apẹja tó wá láti etí òkun Oǹdó ni, abúlé kan lórí ọ̀sà ni wọ́n ń gbé. "Haa! Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Lánàá ni wọ́n wá síbí, wọ́n ń fi téèpù wọn gbogbo ẹja mi láti orí dé ìrù. Ilẹ̀ ń ṣú, a bi wọ́n pé níbo nilé yín, wọ́n nàka sí òdìkejì omi. Ẹ̀gbọ́n mi, Abraham, ló ní a ò lè fi àgbàlagbà sílẹ̀ sínú ọjà. Ó gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má sunkún, Màmá. Wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn."

Abraham fúnra rẹ̀ ló wá gbé Sọ̀fíyàt kọjá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ abúlé náà, Sọ̀fíyàt rí ọkọ rẹ̀ lókèèrè. Ó jókòó sórí pákó tí wọ́n fi ṣe èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sókè omi, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ṣòkòtò mìíràn. Ara rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí nílé lọ. Sọ̀fíyàt kò dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ dáadáa kó tó fo sórí pákó.

"Bàbá Mọ́fẹ́! Bàbá Mọ́fẹ́, ẹ fẹ́ pa mí!"

Làtífù gbójú sókè. Ó wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò, ó sì sún kó lè ráyè jókòó.

"Ẹ káàsán, màmá. Ẹ kú ewu omi o."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, "ìwọ" ni Làtífù ń pè é. "Sọ̀fíyàt, wá." "Sọ̀fíyàt, ṣé o ti jẹun?" Nígbà tó tilẹ̀ ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè é, "ìwọ" yẹn kò kúrò níbẹ̀. Kò tíì fi "ẹ" kí i rí láyé. Sọ̀fíyàt rọra jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abraham rìn kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó ń so okùn ọkọ̀ tó ti so tẹ́lẹ̀.

Sọ̀fíyàt na ọwọ́ sí téèpù náà. Làtífù yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ó fi ìka méjì di ínṣì kan mú.

"Tíṣà, ẹ wo ibi kékeré yìí. Átọ́ọ̀mù mélòó ló wà níbẹ̀?"

Làtífù tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ìka obìnrin náà, ó wo ojú rẹ̀, bíi pé ó fẹ́ ṣe é lóore tí kò sì mọ èyí tí yóò ṣe.

"Mélòó lẹ fẹ́?" ló wí.

Sọ̀fíyàt ká téèpù náà rọ́gọ́dọ́, ó tì í bọ àpò.

Kò ṣòro fún wọn láti mú un kúrò níbẹ̀. Abraham ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣeré lójú omi," ó sì dìde. Kẹ́misọ́lá ti fi ẹja gbígbẹ sínú ọ̀rá ránṣẹ́ sí wọn. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ Sọ̀fíyàt ni Làtífù jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì ọ̀sà, ó fẹ̀gbẹ́ kàn án, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún àjèjì.

"Màmá, ẹ gbọ́. Mo níyàwó kan ní Ìkòròdú. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ fún un pé ẹ rí mi."

"Kí ló dé?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti rẹ̀ ẹ́?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ní bí Ọlọ́run bá lè mú ọ̀kan nínú àwa méjèèjì, ìyẹn náà á dáa. Obìnrin dáadáa ni. Mo wá ní kí n máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Sọ̀fíyàt ṣe wí. Mọ́fẹ́yìsára ló sọ ọ́ fún lórí fóònù, ó rò pé Làtífù ti sùn lọ. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí Làtífù ti gbàgbé, orúkọ ọmọ, ojú ìyàwó, ọ̀nà ilé, ọ̀rọ̀ yẹn ló kù lórí rẹ̀. Sọ̀fíyàt fẹ́ ṣàlàyé fún un pé àárẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún? Ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ó gbé ojú sí òdìkejì kí ẹni tó ń tukọ̀ má bàa rí i.

Mọ́fẹ́yìsára ti dé Lasunwon kí wọ́n tó dé. Bàbá rẹ̀ kí i dáadáa, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ọmọbìnrin náà lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní kí àwọn òbí òun kó wá bá òun ní Ìlọrin, ìyá rẹ̀ ní ilé kékeré tí òun àti ọkọ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé kò gbà wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú aláìsàn bíi bàbá òun, ìyá rẹ̀ dìde, ó lọ wẹ̀ fún Làtífù. Ó padà sí Ìlọrin pẹ̀lú ojú tó wú.

Sọ̀fíyàt ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tó yá, Làtífù kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, bó bá sì sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ ibi tó darí sí. Bí ọmọ iléèwé kan bá ń kàwé sókè lójúde, kì í yíjú síbẹ̀. Ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ tẹ́lẹ̀, Bólúwají, tó ti di ẹnjiníà, wá kí i. Ó mú ọsàn wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Sà, èmi ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní átọ́ọ̀mù." Làtífù gba ọsàn kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ tòun ti èèpo. Bólúwají kò lè tètè dìde nílẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, bí wọ́n bá jọ wà nílé ní àkókò ìrun, Làtífù ló ń dúró síwájú, Sọ̀fíyàt á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, Sọ̀fíyàt nìkan ló ń kí i. Síbẹ̀, ó ṣì ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fi iwájú sílẹ̀ lófìfo, torí ara rẹ̀ kò gbà kó sún síbẹ̀.

Ní ọ̀sán kan, ó ń kírun Alásàrí. Làtífù dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra rìn wá, ó sì dúró sí ibi tó ń dúró sí láyé àtijọ́ gan-an. Ọkàn Sọ̀fíyàt fò sókè. Ṣùgbọ́n Sọ̀fíyàt ló kọjú sí, kì í ṣe ìhà tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Ó ń wo bí obìnrin náà ṣe ń tẹ̀, tó ń forí kanlẹ̀, tó ń dìde, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó dorí kodò díẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Màmá," ló wí, àánú wà lóhùn rẹ̀, "ta lẹ ń bẹ̀ tó báyìí?"

Ẹni tó ń kírun kì í fèsì. Sọ̀fíyàt tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń bá a lọ. Ọkùnrin náà dúró níbẹ̀, ó ń retí èsì. Nígbà tí kò rí i gbọ́, ó padà lọ dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni Sọ̀fíyàt ti wá rí i pé òun kò mọ iye rákà tí òun ti kí mọ́, bóyá méjì ni, bóyá mẹ́ta ni nínú mẹ́rin. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dé etí, ó tún ìrun náà bẹ̀rẹ̀.